Ẹni Tó Bá Gbé Ẹlẹ́bẹ̀ Dìde

Ẹ̀ṣọ́ Ìlà kan tó ń jẹ́ Kọ́lápọ̀ fi okùn de Àwẹ̀ró lọ́rùn ọwọ́ ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó kọ̀ kò tú u, ọwọ́ ọ̀tún obìnrin náà sì kú.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ìjọba Àpapọ̀ kò pè é bẹ́ẹ̀. Nínú èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹ̀sùn rẹ̀, wọ́n pè é ní àbájáde tí ẹnikẹ́ni kò pète. Àwẹ̀ró ní kí wọ́n tún un kà fún òun, ó wo ìka rẹ̀ tó rọ bí ewé tí oòrùn pa, ó ní, "Ta ni kò pète? Ṣé okùn ni?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ ẹ̀bẹ̀, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ dúró lábẹ́ ìbòòji Ilé Ìparí Ìjà ní Ṣakí, wọ́n ń retí kí ilẹ̀kùn ṣí. Oòrùn ti mú. Láyé ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń jáde lọ́sàn-án láìwọ ẹ̀wù òtútù, ẹ̀wù tí omi tútù ń sáré kiri nínú ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n rán mọ́ inú rẹ̀. Iṣẹ́ Àwẹ̀ró nìyẹn tẹ́lẹ̀. Òun ló ń rán ọ̀pá sí ẹ̀wù fún ọ̀pọ̀ ará Ṣakí. Lónìí ẹ̀wù tirẹ̀ ń kùn bí oyin, omi ń jò nínú rẹ̀, kò sì lè tún un ṣe, nítorí ọwọ́ òsì kò mọ abẹ́rẹ́ í dì mú.

"Ẹ̀yìn rẹ ti tutù rinrin," ìyá ọkọ rẹ̀ wí. "Wọ́n á rò pé o tọ̀ sára."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n rò ó, Màámi. Bóyá wọ́n á ṣàánú mi."

Ìyá Làmídì ni wọ́n ń pe ìyá náà. Làmídì ọmọ rẹ̀ ti kú, ooru ló pa á sínú oko ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n opó rẹ̀ kò kúrò nílé. Ìyá yìí ló ṣe onídùúró fún un níwájú ìjọba, nítorí Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọ́n ti bí Àwẹ̀ró, Ṣábẹ̀ẹ́ sì ti bọ́ sí òdìkejì Ìlà láti ìgbà tí òkun ti gba etíkun, tí ìjọba sì wá fa Ìlà tuntun yí ilẹ̀ ká. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n àṣá kò mọ èdè. Ìlẹ̀kẹ̀ ló ń kà.

Àṣá ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tí ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan ń darí lójú ọ̀run. Ẹni tó bá ti òdìkejì wá a máa so ìlẹ̀kẹ̀ àyè, àmì pé ìjọba gbà á láyè láti gbé ibẹ̀, mọ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún. Àṣá á sọ̀kalẹ̀, á ka ìlẹ̀kẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, àṣá ju okùn kó tó kà. Okùn bo ìlẹ̀kẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí àṣá kò ṣe rí ìlẹ̀kẹ̀ kà ló ń fún okùn sí i, bó sì ṣe ń fún okùn sí i ni ìlẹ̀kẹ̀ túbọ̀ ń wọlé sí abẹ́ rẹ̀. Àwẹ̀ró ké sí ẹ̀ṣọ́ tó ni àṣá: "Tú u! Ìlẹ̀kẹ̀ wà lábẹ́ okùn!" Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹ̀ṣọ́ náà dúró, ó ń wò ó.

Lọ́yà Oyèlọ́lá sáré dé bá wọn lábẹ́ ìbòòji, agboòrùn ló fi bo orí, bàtà rẹ̀ kan ti já. Ọmọbìnrin kékeré ni, ẹnu rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ.

"Ẹ kú ìdúró, Màámi. Àǹtí, ẹ sún mọ́ mi. Wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé, ẹbí àti agbẹnusọ ìjọba nìkan ló ń wọ yàrá ẹ̀bẹ̀. Ohun tí mo bá fẹ́ sọ, ìta níbí ni n ó ti sọ ọ́."

"Kí ló dé tí mo fi gbọ́dọ̀ wọlé gan-an?" Àwẹ̀ró bi í. "Mi ò fẹ́ ẹ̀bẹ̀. Ilé ẹjọ́ ni mo fẹ́."

"Ẹni tí kò bá wá sí ọjọ́ ẹ̀bẹ̀ kò ní ẹjọ́ mọ́. Òfin wọn nìyẹn."

"A ò lè mú ọmọ náà fúnra rẹ̀?" Ìyá Làmídì dá sí i. "Kọ́lápọ̀ yẹn. Ká fi ìjọba sílẹ̀, ká di òun mú."

"Mo ti gbìyànjú ẹ̀, Màámi. Wọ́n ní kí n mú ẹjọ́ àtijọ́ kan wá, níbi tí adájọ́ ti sọ fún ẹ̀ṣọ́ kan rí pé kò dára kó máa fi okùn fún obìnrin lọ́wọ́ lórí ìlẹ̀kẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ irú okùn yẹn, lórí irú ìlẹ̀kẹ̀ yẹn. Tí kò bá ti sí irú ẹ̀ rí, wọ́n á ní ẹ̀ṣọ́ ò lè mọ̀ pé ó burú."

"Kò lè mọ̀ kẹ̀? Ṣé kò ní ìyá ni?"

"Ó ní, Màámi. Ìyá ẹ̀ ló wà nínú ilé yìí. Òun ni wọ́n fẹ́ fi bẹ̀ yín."

Àwẹ̀ró wo Lọ́yà lójú.

"Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù," Lọ́yà ń bá a lọ, "ká pe Ìjọba Àpapọ̀ lẹ́jọ́. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ lọ sọ fún ẹni tó lù wá pé ó lù wá. A ti sọ fún un. Ó ti fún wa ní èsì ìranù. Òní ló kù. Tí ẹ bá jáde nínú yàrá yìí tí ẹ̀bẹ̀ kò wọlé, ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ gbà wá, wọ́n á sì gbé ìrántí àṣá jáde ní gbangba."

Gbogbo ohun tí àṣá rí àti ohun tó gbọ́ wà nínú ìrántí rẹ̀. Igbe Àwẹ̀ró wà níbẹ̀. Ojú Kọ́lápọ̀ wà níbẹ̀. Àwẹ̀ró kò bá ìjọba béèrè ohun mìíràn. Ládùúgbò, àwọn kan ń sọ ọ́ pé bóyá ó jà ni, bóyá ó fẹ́ sá ni, àṣá kì í dédé fún èèyàn lọ́wọ́. Àwọn tó rán ẹ̀wù fún náà ń sọ ọ́. Ó fẹ́ kí wọ́n jókòó, kí wọ́n gbọ́ igbe náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Kí ni mi ò gbọdọ̀ ṣe?"

"Ẹ má gbé e dìde."

"Ta ni?"

"Ẹni tó bá kúnlẹ̀. Àwọn tó ṣe òfin yìí ní àṣà wa làwọn ń tẹ̀lé: ẹni tó bá na ọwọ́ gbé ẹlẹ́bẹ̀ dìde ti gba ẹ̀bẹ̀, ìjà ti parí. Wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ tó ń parí ìjà nínú ilé yìí. Tí ọwọ́ yín bá ti gbé e, wọ́n á pa ìrántí àṣá rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ lè sọ̀rọ̀. Ẹ lè sunkún. Ẹ lè bú wọn, inú mi á dùn. Ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ ṣọ́."

"Mélòó ló kù tí mo fẹ́ ṣọ́?"

Lọ́yà bú sẹ́rìn-ín, ojú wá tì í. "Oòrùn ló ń gbé ẹ̀rọ inú ilé náà ró," ó wí jẹ́jẹ́. "Tó bá ti kúrò lórí òrùlé, ilẹ̀kùn á ṣí fúnra ẹ̀. Ẹ ṣáà ti fara dà á títí di ìgbà yẹn."

Ilẹ̀kùn ṣí.

Inú ilé tutù, ó mọ́ tónítóní, kò sí fèrèsé kan níbẹ̀ àfi ojú gíláàsì kékeré kan lókè tí oòrùn ń gbà wọlé. "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa," ohùn kan wí láti inú ògiri. Ohùn bàbá arúgbó ni wọ́n fún un, ó tiẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀ ní ìparí ọ̀rọ̀. "Èmi ni Alárinà. Ṣé dáadáa lẹ dé? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Bàbá, a dúpẹ́," Ìyá Làmídì dáhùn, ó sì yíkàá.

"Màámi, irin ni."

"Irin tó béèrè ọmọ lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n dákẹ́ bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé ni?"

"A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́," Alárinà wí. "Ìdí tí a fi pè yín síbí nìyẹn."

"Èmi àti wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́ tẹ́lẹ̀," Àwẹ̀ró dá a lóhùn.

Ènìyàn mẹ́ta ló ti wà níbẹ̀. Kọ́lápọ̀ wọ bùbá funfun, kò wọ aṣọ ẹ̀ṣọ́, ó sì dà bí ọmọ tí wọ́n wẹ̀ tí wọ́n gbé lọ síbi ìsìn. Agbẹnusọ àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ìlà jókòó ní apá kejì, ọkùnrin kan tí ẹ̀wù òtútù rẹ̀ kò pariwo rárá. Obìnrin arúgbó kan wà láàárín wọn, ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Kò gbé ojú sókè.

Agbẹnusọ ló kọ́kọ́ dìde. "Ìjọba Àpapọ̀ bá yín kẹ́dùn gidigidi lórí ìnira tó wáyé."

"Ìnira wo?" Àwẹ̀ró bi í. "Ẹ dárúkọ rẹ̀."

"Èyí tó wáyé... ní apá ibi ọwọ́."

"Ọwọ́ ta ni?"

"Ọwọ́ yín, màdáámù."

"Ta ló ṣe é?"

Ọkùnrin náà tún sọ pé ìnira ló wáyé. Irú wọn pọ̀. Wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ dídùn wé òkú ajá títí ẹ óò fi rò pé ẹ̀bùn ni wọ́n gbé wá. Àwẹ̀ró fi í sílẹ̀, ó kọjú sí Kọ́lápọ̀.

"Ìwọ. Ṣé o gbọ́ mi lọ́jọ́ náà?"

"Kò pọn dandan kó dáhùn," Agbẹnusọ wí.

"Ọ̀rọ̀ inú yàrá yìí kì í jáde," Alárinà wí. "Tó bá fẹ́, kó dáhùn."

Kọ́lápọ̀ wo ilẹ̀. "Mo gbọ́ yín, mà."

"Kí ló dé tí o ò tú u?"

"Tí mo bá tú okùn kí àṣá tó ka ìlẹ̀kẹ̀, orúkọ mi á lọ sókè sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá. Wọ́n ti lé àwọn kan nínú wa bẹ́ẹ̀. Mo rò pé á kà á láìpẹ́. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé, á kà á, á kà á."

Àwẹ̀ró ti rò pé bí òun bá gbọ́ ọ, ọkàn òun á balẹ̀. Kò balẹ̀. Nísinsìnyí ó mọ̀ dájú pé òtítọ́ wà nínú ìrántí àṣá, ó sì mọ̀ pé ọwọ́ òun nìkan ló lè pa á rẹ́.

Ìgbà náà ni arúgbó náà gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. Ó tú gèlè rẹ̀. Irun orí rẹ̀ funfun, ó sì ti ń re díẹ̀díẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di àga mú, ó sọ orúnkún kan kalẹ̀, ó mí, ó sọ èkejì kalẹ̀. Gbogbo wọn gbọ́ bí eegun ṣe ró.

"Ọmọ mi," ó wí, "wọ́n ní Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ. Ìyá Kọ́lápọ̀ ni mí. Èmi ni mo bí i. Tí ẹ bá fẹ́ nà án, èmi ni kẹ́ ẹ nà."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà! Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi!"

Kí ó tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti na. Èèyàn kì í ronú kó tó ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti fi kọ́ ọmọ: bí àgbà bá kúnlẹ̀ fún ọ, o ò ní í jẹ́ kí orúnkún rẹ̀ pẹ́ nílẹ̀. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ́ sí èjìká arúgbó náà. Ìka kò ká. Ọwọ́ náà yọ̀ kúrò ní èjìká bí aṣọ tó já bọ́ lára okùn, ó sì rọ̀ dirodiro.

"Ó ti na ọwọ́!" Agbẹnusọ pariwo. "Ó ti tán!"

"Ọwọ́ kan èjìká," Alárinà wí. "Kò gbé e. Ẹ̀bẹ̀ kò tíì wọlé."

Àwẹ̀ró fò sẹ́yìn.

"Kó lo òsì," Agbẹnusọ wí.

"Òsì kẹ̀?" Ìyá Làmídì yíjú sí i. "Kó fi ọwọ́ òsì gbé àgbàlagbà? Ìlú wo ni wọ́n ti tọ́ ìwọ?"

"Ọ̀tún ni àṣà wí," Alárinà wí. "Ẹni tí ọ̀tún rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́, òsì tó."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, ìyá."

"Wọn ò kọ́ ọ dáadáa."

Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá Làmídì ti bú irin tán, ó yíjú sí ìyàwó ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti yí padà. "Ìyàwó. Wò ó. Ó dàgbà jù mí lọ."

"Mo rí i, Màámi."

"N ò lè wò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Tí ó bá di ọ̀la, wọ́n á sọ ní Ṣakí pé ọmọ tí mo gbà sílé ló dúró lórí àgbàlagbà tó kúnlẹ̀."

"Wọ́n ti ń sọ pé mo jà. Wọ́n ti ń sọ pé mo sá. Màámi, tí mo bá gbé e, ohun tí wọ́n á máa sọ títí láé nìyẹn."

"Ọwọ́ rẹ ò ní í jí, Àwẹ̀ró. Ẹjọ́ ò lè jí i."

Òótọ́ ni. Àwẹ̀ró mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó wo orí funfun tó wà nísàlẹ̀ níwájú rẹ̀, ara rẹ̀ ń yún un bí ẹni tí kòkòrò ń rìn lábẹ́ awọ rẹ̀. Kò lè gbé e dìde. Kò sì lè dúró lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ tó ń jò, ó jù ú sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ síwájú arúgbó náà, orúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Ó tẹrí ba títí orí rẹ̀ fi rẹlẹ̀ ju ti ìyá náà lọ, ó wá kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó fi òsì di ọ̀tún mú gírígírí, kí èyíkéyìí má baà tún na fúnra rẹ̀.

"Kí ló ń ṣe?" Agbẹnusọ béèrè.

"Mo rí ẹlẹ́bẹ̀ méjì," Alárinà wí. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́. "N ò rí ẹni tí wọ́n ń bẹ̀."

"Sọ fún un kó dìde!"

"Kò sí òfin tó ní kí ènìyàn má kúnlẹ̀."

Báyìí ni wọ́n ṣe wà. Ìmọ́lẹ̀ tó gba ojú gíláàsì wọlé wà lára ògiri, ó ń rọra gòkè, kò sì dà bí ohun tó ń kánjú. Agbẹnusọ jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Àwẹ̀ró gbọ́ èémí arúgbó náà nítòsí etí rẹ̀, ó ń já, ó ń so.

"Wọ́n ní bí mi ò bá wá, wọ́n á lé e," ìyá náà sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Òun ló ń bọ́ mi."

"Ẹ dìde fúnra yín, Màmá. Kò sí ẹni tó di yín mú."

"Bí mo bá dìde fúnra mi, ẹ̀bẹ̀ bàjẹ́."

"Mo mọ̀."

"Ìwọ náà gbé mi, ọmọ mi. Orúnkún mi ń dùn mí."

"Mo mọ̀, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Ṣé ó dùn ọ́ gan-an? Lọ́jọ́ náà?"

Àwẹ̀ró mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Arúgbó náà sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, kì í ṣe ẹkún tí wọ́n kọ́ ọ láti sun, nítorí ó ń gbìyànjú láti gbé e mì.

Ìyá Làmídì kò lè fara dà á mọ́. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó ká a ní ìlọ́po, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti fi í sí abẹ́ orúnkún ìyá náà. "Ẹ rọra gbé ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ rọra." Ó ti ìborùn bọ̀ ọ́ lábẹ́. Kò wo Àwẹ̀ró. Bó ṣe ń padà sí àyè rẹ̀, ó dúró níwájú Kọ́lápọ̀.

"Ìwọ lè gbé e," ó wí. "Ìyá rẹ ni. Gbé e, kí ẹ máa lọ sílé."

Kọ́lápọ̀ wo Agbẹnusọ. Agbẹnusọ mi orí pé rárá. Ọmọkùnrin náà ti na ọwọ́ díẹ̀, ó tún fà á padà. Ó dúró, ó ń wò.

Nígbà tó yá, arúgbó náà kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó gbé iwájú orí lé èjìká Àwẹ̀ró, gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró ti kú lábẹ́ rẹ̀, òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú, kò sì tú ọwọ́ sílẹ̀ láti nù ún. Ó lé ní ìgbà kan tó sọ lọ́kàn rẹ̀ pé, gbé e, gbé e, kí ló tún kù. Ó fún ọwọ́ rẹ̀ tó ti kú mọ́ra sí i.

Ìmọ́lẹ̀ kúrò lára ògiri. Alárinà ní, "Ẹ̀bẹ̀ kò wọlé. Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa." Ilẹ̀kùn ṣí, ooru sì ya wọlé lé wọn lórí.

Àwẹ̀ró tú ọwọ́ ká. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló fi gbá ìyá náà mọ́ra, kò sí ẹni tó bá a wí. Òun àti Ìyá Làmídì àti Kọ́lápọ̀ ló jọ gbé e. Ó ké lẹ́ẹ̀kan nígbà tí wọ́n fẹ́ na ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bó ṣe ká. Kọ́lápọ̀ pọ̀n ọ́n lọ sílé bí ìgbà tí wọ́n bá pọn ọmọ.

Ilé ẹjọ́ gba ẹjọ́ náà. Wọ́n gbé ìrántí àṣá jáde ní gbọ̀ngàn ìlú, gbogbo Ṣakí jókòó, wọ́n gbọ́ igbe Àwẹ̀ró láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwọn tó ní ó jà sì ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ìyá Kọ́lápọ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò nà mọ́ láti ọjọ́ ẹ̀bẹ̀. Wọ́n ń gbé e jáde sí ẹnu ọ̀nà láàárọ̀, wọ́n ń gbé e wọlé tí oòrùn bá ti mú, kò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́ títí ó fi kú.